Ìlà Ìsàlẹ̀ Tí Atamátàsé Gé Kúrò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka àkọlé nìkan kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin lónìí. Ìsàlẹ̀ ìwé kan tí ẹnìkan kò fẹ́ kà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

1.
Mẹkáníìkì ni ọkùnrin tí mò ń sọ yìí. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti kú lọ́wọ́ àwọn yòókù, òun ló máa ń jí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Atamátàsé. Orúkọ náà ń dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọmọ ìyá rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Tó bá di Sátidé, àbúrò yìí a gbé mọ́tò pupa kan tí wọ́n jọ ní lọ sí pápá, a sì máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré. Ẹ̀gbọ́n ń tún un ṣe, àbúrò ń wà á. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ nípa ẹ́ńjìnnì, àbúrò kì í bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Àfi bí mẹkáníìkì kan ní òdìkejì títì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé mọ́tò tòun ti ní agbára ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin. Ọ̀rọ̀ náà gún Atamátàsé lára. Ó ní tàwọn gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀ọ́dúnrún, ló bá lọ so gáàsì tí wọ́n ń pè ní náítírọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ́ńjìnnì bá mí gáàsì yẹn sínú, iná inú rẹ̀ á ràn gan-an, mọ́tò á sì fò. Ṣùgbọ́n bí gáàsì bá ṣe ń pọ̀ ni epo gbọ́dọ̀ máa pọ̀. Tí epo ò bá tó, iná náà á yíjú sí irin, á máa jẹ ẹ́.

2.
Àbúrò wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Atamátàsé gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò. Ìyá Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wa mọ́tò gun orí irin róbótó tó ń yí, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀, táyà ń sáré lójú kan, ẹ̀rọ sì ń tẹ ohun tó rí sórí ìwé. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Tòkè ń sọ bí agbára ṣe tó. Tìsàlẹ̀ ń sọ bóyá epo tó fún iná, tó bá sì ti ń gòkè, epo ò tó nìyẹn.

Láìsí gáàsì, igba ni wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n tú gáàsì sí i, ó di ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá. Inú Atamátàsé dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ẹ̀rọ. Ìyá Oníwọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ìwé.

"Atamátàsé, wo ibi tí ìlà yìí parí sí. Ó ń gòkè. Pọ́ńpù epo rẹ ò lè bá gáàsì yìí sáré."

Atamátàsé ní ohun tó ń gbóòórùn èéfín lára ẹ̀rọ wọn ló ti dọ̀tí, pé irọ́ ni ìlà náà ń pa.

"Àná ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni mọ́tò yìí sì fi sáré níbí, ní pápá á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dín gáàsì kù, kí o wá pọ́ńpù tuntun."

Tó bá dín gáàsì kù, nọ́ńbà á já wálẹ̀ sí igba ó lé ọgọ́ta. Ojú wo ló fẹ́ fi wo ará òdìkejì títì? Ó dúpẹ́, ó ká ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

3.
Ó ra férémù. Férémù kéré, ìwé gùn. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ aráyé ṣe: ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìsàlẹ̀ ìwé kúrò, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó sì gbé ìyókù kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò pè é ní ẹ̀tàn o. Ó ní kí ìwé lè wọ férémù ni.

Nígbà tí àbúrò dé, ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo ìwé náà rèé?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

Àbúrò ní kò burú, ó lọ fọ mọ́tò. Ibí yìí gan-an ló ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí.

4.
Ní Sátidé, ará òdìkejì títì ló kọ́kọ́ ṣáájú. Àbúrò wá tẹ bọ́tìnnì gáàsì, mọ́tò pupa sì fò kọjá rẹ̀. Atamátàsé ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ó ka mẹ́wàá, ó ka mọ́kànlá. Kó tó ka méjìlá, wọ́n gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí òòlù bá irin. Pisitini, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ti yọ́, irin ti dá ẹ́ńjìnnì lu, ọ́ìlì ya sábẹ́ táyà, mọ́tò sì yọ̀ lọ gbá ògiri.

Àbúrò kò kú. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ló fọ́, kò sì ṣeé ká mọ́ títí dòní. Ẹlòmíì ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé báyìí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun lọ mú ìyókù ìwé náà wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n gé e. Etí ìwé tó wọ́ nínú férémù ló ti rí láti ọjọ́ yẹn, ó kàn gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mú un dé, àbúrò tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìbora, ó fi ìka tọ ìlà náà dé ibi tó ti ń gòkè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ẹ fi hàn mí ni, ǹ bá rí i."

Kò bú u. Atamátàsé ní ì bá sàn kó bú òun. Ó ti yọ nọ́ńbà ńlá yẹn kúrò nínú férémù, ìlà ìsàlẹ̀ ló fi síbẹ̀. Tí ẹ bá pè é ní Atamátàsé báyìí, kì í dáhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, yálà ìwé mọ́tò ló wà lọ́wọ́ yín ni o, tàbí ìwé àyẹ̀wò dókítà, ẹ kà á tòkè tìsàlẹ̀. Ẹ má gé ibi tí kò dùn mọ́ yín kúrò, torí ẹni tó gbà yín gbọ́ lè jẹ́ ẹni tí yóò fara gbá a. Ẹ sì má jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo dí yín lójú: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.