Igi Mi Lábẹ́ Omi

Ìyá mi ló ń wa ọkọ̀. Èmi ni mò ń mòòkùn lọ fi ayùn oníná rẹ́ àwọn igi abúlé wa tí omi dáàmù bò. Òfin ní kí n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan igi, kí ẹ̀rọ náà dárúkọ ọmọ tí wọ́n sin olóbi rẹ̀, ìyẹn ibi ọmọ, sídìí igi náà. Tí onítọ̀hún bá wà láàyè, a kì í rẹ́ ẹ.

Ẹ̀rọ náà kan ìrókò kan, ó ní, “Àbẹ̀jẹ́.” Èmi rèé!

Mo yọrí lómi. “Màmá, ṣebí lẹ́yìn tómi bo abúlé lẹ bí mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo so òkúta mọ́ olóbi rẹ, mo sọ ọ́ sódò níbẹ̀. Ṣé ilẹ̀ onílẹ̀ ni kí n sin ín sí ni?”

“Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé tí mò ń kí láràárọ̀ bí igi olóbi mi wá ńkọ́?”

“Ọsàn jíjẹ nìyẹn. Jọ̀ọ́, pa ayùn yẹn.”

Mo pa á. Ta ni mo wá ń kí láti kékeré?