Ohùn Ọkọ Mi Ń Bá Mi Lọ sí Dakar

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo gbé ẹ̀rọ tí ohùn ọkọ mi olóògbé wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ̀, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú lọ sí Dakar. Opó tó bá mú ohùn ọkọ rẹ̀ dání kì í sanwó afinimọ̀nà. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìrìn àjò náà máa ń dín owó kù fún un, nítorí kò dá nìkan rìn.

"Ìyá Bùsọ́lá, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dínwó jù," ni ohùn náà wí. "Tá a bá débẹ̀, ká wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gorée. A jẹ ẹja yíyan lábẹ́ igi kan níbẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí."

"Àwa wo? Èmi ò dé Dakar rí."

"Èmi àti Wúràọlá, akọ̀wé ọ́fíìsì wa."

Nígbà ayé rẹ̀, ì bá ti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ohùn yìí ò mọ irọ́ pa.

"Ṣé ó rẹwà jù mí lọ ni?"

"Rárá o. Ó kàn mọ ẹ̀rín rín ni."

Inú bí mi. Mo fẹ́ yọ orúkọ ọkọ mi kúrò nínú ìrìn àjò náà, ṣùgbọ́n tí mo bá yọ ọ́, ta ni màá máa bá jà ní Dakar?

"Bàbá Bùsọ́lá, ṣé ẹ ṣì rántí igi yẹn?"

"Mo rántí ẹ̀."

Mo fọwọ́ sí ìrìn àjò náà fún àwa méjèèjì.

"Tààrà ni kẹ́ ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Ibi tí Wúràọlá jókòó sí gan-an ni màá jókòó sí, mi ò sì ní tètè dìde."