Ọpọ́n Ayò Tí A Kò Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Bí oòrùn bá ti wọ̀, à á dojú ọpọ́n ayò délẹ̀ ni, kí àwọn tí ń rìn lóru má baà ta á. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí i náà sọ bẹ́ẹ̀. Oyèkànmí ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ayò ò tíì parí. Ọkọ mi ni ọ̀ta abà wa, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lè pa láyò, fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó wá ṣi ayò ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ọmọ ayò mẹ́tàdínlógún bá há sójú ilé kan mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àkànó tí wọ́n jọ ń ta á bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀ta tó fẹ́ dòpè! Ilẹ̀ bá mọ́, tipátipá lo máa tú wọn, màá sì jẹ wọ́n." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọpọ́n.

A ti sùn kí n tó gbọ́ ìró ọmọ ayò níta: kó, kó, kó. Mo ṣe bí ọkọ mi ni. Mo nawọ́, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Bàbá Ṣùbúọlá, ta ló ń tayò?"

"Dákẹ́, mò ń kà á." Ó ń fi ìka kà á. "Mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún. Háà! Gbogbo wọn ti jáde!"

Ìró náà dáwọ́ dúró. Ohùn kan tí kì í ṣe ti Àkànó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Ọ̀ta, wọ́n ti jáde. Ó ku ìwọ."

Ọkọ mi dìde. Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú. Títí dòní, n ò rí i mọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi ò sì gbàgbé bí aṣọ náà ṣe yọ bọ́ lọ́wọ́ mi.