Ẹni Tó Ń Pa Bátìrì Fúúlù

Ọkọ̀ náà tún kọ̀, kò jí. Fúúlù yí kọ́kọ́rọ́, ó tún un yí. Ó dún kẹ́, ó dákẹ́.

Fúúlù ni gbogbo àdúgbò ń pe dẹ́rẹ́bà náà, nítorí pé iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ kì í wálẹ̀. Bí ó bá ti kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ní ìdájí, fúúlù ló ń tàn lọ, kì í dín in kù fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ń bọ̀ níwájú bá fi iná ṣẹ́jú sí i pé kó rọra, èpè ló fi ń dá a lóhùn.

“Wèrè ni gbogbo wọn,” ló máa ń wí. “Wọ́n á fi iná gún èèyàn lójú, wọ́n á tún máa bínú.”

Gílóòbù tó lágbára jù lọ́jà ló wà lójú ọkọ̀ náà. Èyí tó yọ kúrò, ó ní kò mọ́lẹ̀ tó àbẹ́là.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó sọdá sí ilé oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì títì. Ó ń lu ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ wó o.

“Olè! Jáde síta!”

Oníṣẹ́ iná yọjú, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ó tún ti kú?”

“Ìwọ tó o pa á lò ń bi mí! Bátìrì gidi ni mo gbé fún ọ, òkú lo gbé padà fún mi.”

“Kò sóhun tó ṣe bátìrì yín. Iná páàkì lẹ ń tàn sílẹ̀ mọ́jú. Iná kéékèèké iwájú àtẹ̀yìn yẹn ló ń mu ún gbẹ.”

“Èmi? Èmi tí mo ti ń wakọ̀ kí bàbá rẹ tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn?”

“Ẹ ò bá ti máa wakọ̀ kí wọ́n tó dá ayé, iná tẹ́ ẹ bá tàn sílẹ̀ á pa bátìrì.”

Fúúlù gbọ́wọ́ sókè láti fọ́ ọ létí. Oníṣẹ́ iná ò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́. Òpó ilẹ̀kùn ni ọwọ́ bà.

“Bàbá, kí ni òpó ṣe fún yín?” ni obìnrin kan tó ń kọjá bi í. Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

Fúúlù ń fọwọ́ pa ọwọ́. “Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lálẹ́ òní, èmi fúnra mi ni màá ṣọ́ ọkọ̀ yẹn. Bí mi ò bá rí iná, tí bátìrì bá tún kú, àgọ́ ọlọ́pàá ni wàá ti jẹun àárọ̀ ọ̀la.”

Nígbà tó délé, ọ̀gá ilé búrẹ́dì ti pè. Bí ọkọ̀ ò bá dé lọ́la, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Dẹ́rẹ́bà mìíràn ti wà nílẹ̀.

“Ẹ má dá ọmọ oníṣẹ́ iná yẹn lóhùn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ọlọ́run á mú ẹni tó ń ṣe é.” Ó gbé ife tíì lé e lọ́wọ́, ó sì di ìka rẹ̀ mọ́ ọn kó tó fi sílẹ̀.

Ọmọ wọn obìnrin náà wà nílé. Ilé búrẹ́dì kan náà ni òun náà ń bá ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti gbá bárò agbálẹ̀ títì kan sínú gọ́tà, tí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sì fọ́.

“Ta ló ní kó wọ aṣọ dúdú rìn ní ìdájí?” ni Fúúlù ṣì ń wí títí dòní.

“Aṣọ tó ń dán yanran ló wọ̀, Bàbá.”

“Pa ẹnu rẹ dé!”

Ìyàwó rẹ̀ rọra dá sí i. “Ẹ ò ṣe fi ti ìdájí sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé èrò ọ̀sán?”

“Ṣé mo ti di arúgbó ni? Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kí la ó jẹ?” Ó ju ife mọ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣa á.

Ọkọ̀ náà máa ń kọ ojú sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wo fèrèsé yàrá wọn. Nígbà tí oníṣẹ́ iná mìíràn ti bá wọn fi iná sí bátìrì tán, tí oòrùn sì ń wọ̀, ìyàwó rẹ̀ mú àkísà bí ìṣe rẹ̀, ó nu inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wọlé.

Fúúlù gbé àga sí ojú fèrèsé. Ilẹ̀ ṣú. Ó na ọrùn, ó tẹjú mọ́ ibi tí ọkọ̀ wà bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. Kò rí ohunkóhun tó tàn. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

“Ọwọ́ ti tẹ olè,” ló wí. “Iná páàkì dà? Dúdú kirimú! Tó bá tún kú lọ́la, kí ọmọ yẹn wá sọ ohun tó pa á fún ọlọ́pàá. Ìyá, wá wò ó, kó o lè jẹ́rìí mi.”

Ìyàwó rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn àga, ó wo iná pupa kékeré méjì tó ń tàn kedere lẹ́yìn ọkọ̀ náà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ tàn nígbà tó ń nu ìdí sítíárìn, ó sì ní, “Òótọ́ lẹ sọ, ọkọ mi, dúdú kirimú ni.”