Omi Inú Fóònù

Òkun ti gbé odindi ìlú òyìnbó kan mì nínú fóònù, aránṣọ kan ládùúgbò Bẹ́yẹrunkà sì ń fi etí ìró nu omijé. Fíìmù olówó gọbọi ni. Omi ibẹ̀ ga ju ilé lọ, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi. Omi ṣáà dé ni.

Òjò bẹ̀rẹ̀ níta. Ó dá fíìmù dúró, ó gbé àpò àgékù aṣọ, ó dà á sínú àgbàrá gọ́tà, bí gbogbo àdúgbò ṣe máa ń da ilẹ̀ nù tójò bá ń rọ̀. Ló bá padà sídìí ẹkún rẹ̀.

Kí fíìmù tó parí, omi ti wọ yàrá Ìyá Jubril, ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn. Aránṣọ sáré lọ bá àwọn ará ilé gbọ́n ọn.

"Ẹni tó dí gọ́tà yìí," ìyá àgbà náà ní, "omi á wọlé tòun náà."

Aránṣọ rántí àpò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, tirẹ̀ ló ròkè jù.

Ọkùnrin kan fi igi wọ́ ohun tó dí gọ́tà jáde: àgékù àǹkárá ẹlẹ́yẹ. Ìyá àgbà wò ó, ó wo bùbá ẹlẹ́yẹ ọrùn ara rẹ̀, èyí tí aránṣọ rán fún un lánàá.

Ó tẹ́wọ́ àdúrà.

"Ọlọ́hun, má gba èpè tí mo ṣẹ́ yẹn."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ti aránṣọ nìkan ni kò jáde.