Alága Ra Bàálù

"Alága, ẹ ra bàálù onírímóòtù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ yìí," ni òǹtajà wí. "Fóòmù ni wọ́n fi ṣe é. Bó já lulẹ̀, kò ní fọ́."

Alága àdúgbò yínmú.

"Èmi, àgbà yìí, bàálù ọmọdé? Gbé bàálù ogun yẹn wá!"

Ìyàwó rẹ̀ bá a gbé e délé. Òun náà ló bá a tò ó nílé.

Ọjọ́ Sátidé, gbogbo àdúgbò pé sí pápá.

Alága di rímóòtù mú. Bàálù gbéra, ó yí po, ó tàkìtì lójú ọ̀run. Àtẹ́wọ́ ń dún. Orí Alága ń wú.

"Ta ló ní kí n lọ kọ́ṣẹ́? Àbínibí ni!"

Bàálù ṣì wà lókè tó fi gbé rímóòtù sórí koríko, tó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Bàálù ò já. Ó tún yí po lẹ́ẹ̀kan, ó rọra balẹ̀ bí ẹyẹlé.

Gbogbo ojú yí sí rímóòtù tó wà lórí koríko.

Lẹ́yìn èrò, ìyàwó rẹ̀ fa ọwọ́ méjèèjì yọ nínú báàgì. Rímóòtù kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, olówó orí mi. Bátìrì rímóòtù tiyín ṣì wà nílé. Bàálù ọmọdé tẹ́ ẹ yínmú sí yẹn, irú ẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́ lésìí, nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ti lọ ìpàdé."