Omi Èèpo Ọsàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo rí i lórí fóònù pé omi èèpo ọsàn máa ń yọ ọ̀rá ikùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń se èèpo ọsàn nílé wa ní Jikwoyi. Ó korò ju ewúro lọ, àmọ́ mò ń mu ún láràárọ̀ kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́.

Kò pẹ́ rárá, àwọn síkẹ́ẹ̀tì tó ń fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí.

Ni mo bá di oníwàásù. Kò sí obìnrin tí n kò sọ fún ní ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá mi, Màdáámù Jemimah, ń mu tirẹ̀ tomijé-tomijé.

Lónìí, mo mú síkẹ́ẹ̀tì kan lọ bá Sùlàímọ́nù, télọ̀ wa.

"Bá mi dín in kù díẹ̀. Mo ti jò."

Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, mà. Ó jọ pé mo tú èyí jù."

"O tú kí ni?"

"Ọkọ yín ló ń kó àwọn síkẹ́ẹ̀tì yín wá. Wọ́n ní kí n máa tú ẹ̀gbẹ́ wọn sílẹ̀, kí n má sọ fún yín."

Mo délé, mo bi Káyọ̀dé, ọkọ mi. Kò lè wo ojú mi.

"O máa ń sunkún níwájú dígí tí o bá ń múra," ó ní. "Mi ò lè fara dà á mọ́."

Mi ò lè bínú. Mo kàn jókòó tì í, mo gbé orí lé èjìká rẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá mi báyìí?